Irun Kì Í Gbàgbé Ìdí Rẹ̀

Kí n tó jókòó síbí, wíìgì ni mò ń fọ̀. Sydenham ni mo lọ lónìí, sílé Madam Lim, ọ̀gá mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, irun orí wọn ti ṣí, nítorí náà àwọn náà ń dé wíìgì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe nígbà tí ọwọ́ ṣì gbé e. Mo fọ̀ ọ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi bo orí tí wọ́n fi igi gbẹ́, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Madam jókòó sórí àga, wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

"Ṣé omi yẹn ò gbóná jù?"

"Kò gbóná, Madam."

"Ti oṣù tó kọjá gbóná."

"Ti oṣù tó kọjá náà kò gbóná, Madam."

Bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ bí Yorùbá nínú orí mi.

Ilé ìkàwé kan ládùúgbò wa ní Peckham fẹ́ gbé àwòrán kọ́ ògiri: àwọn tí ìran wọn ti Ṣáínà wá, tí wọ́n fi ìlú yìí ṣe ilé, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì mú kí ayé mọ̀ wọ́n. Madam Lim wà lára wọn. Wọ́n ní kí èmi tí mo bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́ jù kọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn lè kà á. Mo ní ilé ìwé gírámà ni mo kà mọ. Obìnrin ilé ìkàwé náà ní kí n kọ ọ́ ní èdè tó bá wù mí. Yorùbá ló wù mí.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ń fọ ọ́fíìsì nígbà náà, mo sì rí páálí kékeré kan lójú fèrèsé, lẹ́yìn Rye Lane, pé wọ́n ń wá obìnrin tó lè jókòó. Mo gun àtẹ̀gùn lọ. Madam wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o lè jókòó?" Mo ní mo lè jókòó. Wọ́n nawọ́ sí àga kan. Mo jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Owó tí wọ́n ń san fún mi kò pọ̀, kò sì kéré. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Gbogbo ará Rye Lane ló ń pe Madam ní Aunty Ṣáínà. Madam á ní, "Penang ni wọ́n bí mi, ní Malaysia. Bàbá bàbá mi ló ti Ṣáínà wá. Èmi ò débẹ̀ rí." Àwọn èèyàn á ní, "A ti gbọ́, Aunty Ṣáínà." Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n wá kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti rí àwọn obìnrin tí oògùn jẹjẹrẹ ti jẹ irun wọn tán, tí wọ́n gbé wíìgì tó dà bí ìtẹ́ ẹyẹ lé lórí. Madam ní ọjọ́ tí aláìsàn kan yí ojú kúrò nínú dígí ni àwọn pinnu. Wọ́n fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó arúgbó kan tó ń ṣe wíìgì fún àwọn òṣèré. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn òṣèré tí ẹ̀ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n ń gun àtẹ̀gùn wa, wọ́n sì ń jókòó dúró de Madam bí ọmọ ilé ìwé.

Iṣẹ́ náà rèé. Irun èèyàn gidi la máa ń lò. A ó ta á mọ́ àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kókó kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ṣùgbọ́n tó kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Kí o tó lè fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, o gbọ́dọ̀ mọ ìdí irun yàtọ̀ sí ṣóńṣó rẹ̀. Ìdí ni apá tó ti inú orí jáde. Ara irun dà bí ara ẹja, ó ní ìpẹ́ tí ojú kò lè rí. Bí o bá to ìdí pọ̀ mọ́ ṣóńṣó nínú ìdì kan náà, àwọn ìpẹ́ náà á gbá ara wọn mú. Ní àárọ̀ irun náà á rí rẹ́rẹ́, tó bá máa fi di ọ̀sán, ó ti di ìtẹ́. Nítorí náà, gbogbo ìdì irun tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, Madam á fi òwú pupa dè é nídìí.

Odidi ọdún kan ni mo fi fa irun gba orí pákó tí wọ́n kan eyín irin mọ́. Mi ò ṣe nǹkan mìíràn. Mi ò gbọdọ̀ pa ìpara sọ́wọ́. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ jẹun lọ́sàn-án, ṣíbí ni. Bí àkókò ìrun bá tó, Madam fúnra wọn á yí àga kúrò kí n lè ráyè tẹ́ ẹní mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kí sálámà tán, wọ́n á ti gbé pákó padà síwájú mi.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n di ojú. Wọ́n fi ẹyọ irun kan sáàárín àtàǹpàkò àti ìka mi.

"Máa fi ìka ra á lọ, ra á bọ̀. Jẹ́jẹ́."

Mo ń ra á. Irun náà ń yọ́ lọ sí apá kan, bí ẹ̀dá alààyè.

"Madam, ó ń rìn."

"Ibo ló ń lọ?"

"Apá ọ̀tún."

"Apá ọ̀tún ni ìdí rẹ̀ wà. Bí o bá fi ojú mọ̀ ọ́n, ojú lè tàn ọ́. Jẹ́ kí ìka rẹ mọ̀ ọ́n. Irun kì í gbàgbé ìdí rẹ̀."

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó, ìyà gidi dé. Mo lè ta kókó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, Madam á mú àwọ̀n náà sún mọ́ iná, wọ́n á mú àlùmọ́gàjí, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀. Wọn kì í bínú. Wọn kì í sọ ohun tó ṣe é. Mo bá ara mi sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì Walworth Road pé mi ò ní padà mọ́. Nílé, ọkọ mi, Bàbá Kàmílù, á máa rẹ́rìn-ín. "Sìdíkà, ìwọ tí wọ́n máa ń bá dirun ara ẹ. Ta ló rán ẹ níṣẹ́ orí olórí?" Mo máa ń padà lọ ní àárọ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń tú ìlàjì. Nígbà tó tún yá, wọ́n fún mi ní ẹ̀yìn orí láti ta, lẹ́yìn náà àárín, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ etí.

Ó ku iwájú. Iwájú ni ibi tí irun ti pàdé iwájú orí, níbi tí ojú gbogbo èèyàn máa ń lọ. Kókó ẹlẹ́yọ kan ni wọ́n ń ta níbẹ̀, kò gbọdọ̀ tò bí ọkà, kò sì gbọdọ̀ hàn. Madam kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ń wò nìyẹn." Ọ̀rọ̀ parí. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàìdáa. Yorùbá náà sọ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu nínú mi pé mi ò ní fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láìta iwájú kan. Mo ń mú àjákù àwọ̀n lọ sílé, mò ń ta á lórí tábìlì oúnjẹ, mò ń tú u fúnra mi. Ọdún ń gorí ọdún.

Ìgbà yẹn ni Dókítà Tan wá. Àwọn òbí tó ní ọmọ kékeré ní Camberwell mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé ló ń ṣe. Penang ni òun náà ti wá, bíi Madam. Jẹjẹrẹ ti mú un. Kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, ó ti gé irun rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dì í sínú aṣọ sílíìkì, ó gbé e wá.

"Màmá mi ń bọ̀ láti ilé," ló wí. "Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ èyí títí màá fi mọ ibi tó máa já sí. Àwọn ló ń di irun yìí fún mi títí mo fi kúrò nílé. Irun ẹlòmíràn ò lè ṣe é."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?" ni Madam bi í.

"Ó ku oṣù kan àbọ̀."

"Á ti parí."

Madam fi òwú pupa dì í, wọ́n gbé e kọ́ lọ́tọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọ̀n.

Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ni ṣọ́ọ̀bù Aunty Bọ́lá wà, ọmọ Ìbàdàn tó ń dirun. Ọ̀rẹ́ wa ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wa kejì máa ń wà. Ní Sunday kan tí a ti ilẹ̀kùn, páìpù omi bẹ́ ní ilé òkè. Aunty Bọ́lá rí i tí omi ń kán láti àjà rẹ̀, ó sáré gòkè. Omi ti bo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kó gbogbo irun sọ̀kalẹ̀, ó sì rò ó pé òun á ṣe wá lóore, kí a tó dé ní Monday.

Nígbà tí a dé, ó ti ń dúró dè wá, inú rẹ̀ ń dùn. Gbogbo irun wà lórí tábìlì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi ìpara sí i, wọ́n ti yà á, ó ń dán. Òwú pupa kan kò sí níbẹ̀. Rọ́bà ni wọ́n fi dì í.

"Aunty Ṣáínà, ẹ wo èyí tó gùn jù," ló wí, ó gbé irun Dókítà Tan sókè. "Mi ò jẹ́ kó kan ìyókù. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nípọn, ẹ̀gbẹ́ kejì tín-ín-rín, kò lẹ́wà. Mo wá yí ìlàjì rẹ̀ padà kó lè dọ́gba. Ẹ wò ó, ó kún níbí, ó kún lọ́hùn-ún."

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun tí wọ́n fi ń di orí nìyẹn, kò sí àléébù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlàjì irun Dókítà Tan ti dorí kodò, ìdí ti dà pọ̀ mọ́ ṣóńṣó.

Madam gba irun náà. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan láàárín ìka. Wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Bọ́lá, o ṣeun," ni wọ́n wí. "Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, omi ìbá ti gbé e lọ."

Aunty Bọ́lá sọ̀kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Madam jókòó. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn, mi ò rí i kí wọ́n jókòó láìmú nǹkan lọ́wọ́ rí. Irun yòókù ṣeé rà lọ́jà. Ìyẹn kò ní ọjà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù," ni mo wí.

"Mo mọ̀."

"Madam, irun kì í gbàgbé ìdí rẹ̀."

Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ tèmi, wọ́n pín irun náà sí méjì, wọ́n ti ìlàjì kan sọ́dọ̀ mi. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ń fi ìka ra irun, ìwọ̀nba díẹ̀ díẹ̀, èyí tó bá rìn sí ọ̀tún a tò ó sí ọ̀tún, èyí tó bá rìn sí òsì a yí i. Madam pe Dókítà Tan, wọ́n sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Madam, ẹ máa bá a lọ."

Lọ́sàn-án Aunty Bọ́lá gòkè wá béèrè ìdí tí a kò fi sọ̀kalẹ̀ wá mu tíì. Mo sọ fún un lórí àtẹ̀gùn. Ó jókòó síbẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Sìdíkà, mo ti pa yín."

"Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni, Aunty. Ẹ wá jókòó. Ẹ kọ́kọ́ lọ fọ ìpara kúrò lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti parí orí oníbàárà kan, á gòkè wá. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. "Ẹ ò rí i," ló ń wí, "irun yìí ń rìn ju bọ́ọ̀sì tó wà ní Camberwell Green lọ." Madam, tí kì í fẹ́ ariwo nídìí iṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bọ́lá, ra á, má sọ̀rọ̀." Ó ní, "Aunty Ṣáínà, ẹnu kọ́ ni mo fi ń ra á."

A tò ó tán. Mo ta ẹ̀yìn, mo ta àárín, mo ta ẹ̀gbẹ́. Ó wá kan iwájú. Madam gbé abẹ́rẹ́, ó bọ́. Wọ́n tún gbé e, ó tún bọ́. Àtàǹpàkò wọn ti bó níbi tí wọ́n ti ń ra irun, oríkèé ìka wọn sì ti wú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ náà sórí tábìlì, síwájú mi.

"Iwájú," ni wọ́n wí.

Dókítà Tan ti fún wa ní fọ́tò kan. Mo rí i níbẹ̀ pé irun rẹ̀ máa ń dìde díẹ̀ lókè ojú òsì, bí koríko tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Mo ta á bẹ́ẹ̀. Madam mú un lọ síbi iná, wọ́n tú u. Mo tún ta á. Wọ́n tún tú u. Aunty Bọ́lá kò lè wò ó mọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo ta á lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tú u. Ó ku ọjọ́ mélòó kan. Mo nu ojú mi, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí lẹ́ẹ̀kẹrin, Madam gbé e sábẹ́ iná, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé omi tíì kaná. Mi ò mọ̀ bóyá ó dára ni tàbí ó ti rẹ̀ wọ́n.

Dókítà Tan dé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ìyá rẹ̀ lo oṣù mẹ́ta. Kí ìyá náà tó padà, ó ní kí wọ́n mú òun wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Obìnrin kékeré kan ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èdè ilé wọn ló ń sọ, Madam ń túmọ̀. Ó fi ìka kan ibi tí irun ti dìde lókè ojú òsì ọmọ rẹ̀.

"Ta ló ta ibí yìí?"

Madam nawọ́ sí mi.

"Gbogbo ìgbà ni mò ń fi omi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, kì í gbọ́," ni ìyá wí. "Èyí náà kò gbọ́. Nítorí ìyẹn ni n kò ṣe mọ̀ pé wíìgì ni ní oṣù àkọ́kọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í gùn sí i."

Dókítà Tan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ. Ara Dókítà Tan ti yá báyìí, irun rẹ̀ ti hù padà, ó sì ń dìde níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ta iwájú. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ìwọ̀n orí tí a ń fi tépù wọ̀n tẹ́lẹ̀, kámẹ́rà ló ń wọ̀n ọ́n báyìí. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ti ní iná nínú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fi ẹ̀rọ rán wíìgì, ó ń wọlé lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ọmọbìnrin Rye Lane ń rà á lórí fóònù. Mi ò bá wọn jà. Ẹ̀rọ lè rán ẹ̀yìn orí, ó sì ń rán an dáadáa. Ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó mọ ibi tí irun ọmọ ẹni ti máa ń dìde.

Ìka tèmi náà ti ń wú. Ọdún tó kọjá ni mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba iwájú orí oníwájú jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, bí ẹ bá ń yan iṣẹ́, ẹ máa bi ara yín ní ohun tí Madam bi mí: ṣé ẹ lè jókòó? Bí wọ́n bá tú iṣẹ́ yín, ẹ má bínú lọ sílé kí ẹ má padà. Ẹ padà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lónìí, nígbà tí mo ti fọ wíìgì tán tí mò ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún Madam pé mò ń lọ kọ̀wé fún ilé ìkàwé.

"Ṣé o máa kọ ti Dókítà Tan?"

"Màá kọ ọ́, Madam."

"Ṣé o máa kọ ọ́ pé mo tú u?"

"Ṣé kí n má kọ ọ́ ni?"

"Kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tú u. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo wá ibi tí mo máa tú, mi ò rí i."